Fótò Mi Ń Ṣe Bàìbàì: Ta Ló Ń Mi Kámẹ́rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Íbàdàn. Bàbá mi àgbà fi Pentax K1000 kan sílẹ̀, òun ni mo fi ń ya fíìmù. Tí mo bá yà á nínú oòrùn, ó máa ń mọ́ rekete, ṣùgbọ́n mo gbé e lọ sí igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, gbogbo èyí tí mo yà lábẹ́ igi ló ṣe bàìbàì. Ẹni tó bá mi fọ fíìmù ní inú lẹ́ǹsì ló ti bu, pé kí n lọ ra òmíràn. Ṣé kí n rà á? — Ọmọ Onífótò, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò, rọra ná, fi owó ẹ sápò. Lẹ́ǹsì tó bá bu, oòrùn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí ẹ̀, ìwọ sì ní inú oòrùn ló ti ń dáa. Mú nẹ́gétíìfù yẹn, gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, yọ lẹ́ǹsì 50mm yẹn kúrò lára kámẹ́rà kó o dojú ẹ̀ kọ nẹ́gétíìfù náà, á bá ẹ sọ nǹkan di ńlá. Wá ibi tí oòrùn ti yọ́ gba àárín ewé wọlé, tàbí ibi tó ti ń dán lórí omi (lórí nẹ́gétíìfù, dúdú ló máa jẹ́ o). Tó bá jẹ́ fókọ́ọ̀sì lo ṣì, àmì yẹn á fẹ̀ rogodo, nǹkan míì níwájú tàbí lẹ́yìn á sì mú kedere. Tó bá jẹ́ ẹni tó ò ń yà ló mira, òun nìkan láá ṣe bàìbàì, igi ẹ̀yìn ẹ̀ á dúró digbí. Ṣùgbọ́n tí gbogbo àmì yẹn bá fà bí ìlà, tí gbogbo wọn kọrí síbì kan náà láti igun dé igun, ọwọ́ ẹ ló gbọ̀n. Mo lè fowó lé e pé ohun tó o máa rí nìyẹn.

Abẹ́ igi yẹn ṣókùnkùn ju bí ojú wa ṣe rò lọ. Pẹ̀lú fíìmù 100 (bí nọ́ńbà fíìmù bá ṣe pọ̀ tó ló ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó), tó o bá ṣí lẹ́ǹsì dé f/2.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ń ṣí tó), abẹ́rẹ́ mítà yẹn lè má dúró láàárín àfi tó o bá sọ sípíìdì kalẹ̀ dé 1/15 (ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ á wọlé fún ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́kọ́ńdì), ọwọ́ tó lè gbé 1/15 láì gbọ̀n ò sì pọ̀. Ohun táwọn àgbà fọtọ́gíráfà ń tẹ̀ lé ni pé kí sípíìdì má kéré ju nọ́ńbà lẹ́ǹsì lọ: tó bá jẹ́ 50mm, 1/60 sókè, tó bá jẹ́ 200mm, 1/250 sókè. Nítorí náà fíìmù ni kó o pààrọ̀, kì í ṣe lẹ́ǹsì. Ibi tí 100 ti fún ẹ ní 1/15, 400 á fún ẹ ní 1/60, tó bá sì jẹ́ HP5 Plus (fíìmù 400 dúdú-funfun ti Ilford) lo rà, o lè sún mítà sí 1600 kó o wá sọ fún láàbù pé bó o ṣe yà á nìyẹn kí wọ́n fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn á gbé ẹ dé 1/250. Hóró ẹ̀ (àmì wínníwínní ojú fótò) á pọ̀ díẹ̀, àmọ́ tèmi ni pé hóró sàn ju bàìbàì lọ níjọ́kíjọ́.

Ó ku ọwọ́. Fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbé lẹ́ǹsì látìsàlẹ̀, fún ìgúnpá méjèèjì mọ́ ìhà, mí síta díẹ̀ kó o tó tẹ̀ ẹ́, má sì já ìka lé bọ́tìnnì o, rọra máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí á fi dún fúnra ẹ̀, kó o sì fi ìka síbẹ̀ títí gbogbo ariwo inú ẹ̀ á fi parí. Fara ti igi tó bá wà nítòsí (igi ni mo wí o, má lọ fara ti ère wọn). K1000 ò ní self-timer (èyí tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà yà á fúnra ẹ̀), ṣùgbọ́n wo ojú bọ́tìnnì yẹn dáadáa, ihò kan wà níbẹ̀ tó ní ìlà nínú, ibẹ̀ ni wọ́n ń yí wáyà cable release (èyí tá a fi ń tẹ bọ́tìnnì láì fọwọ́ kan kámẹ́rà) sí tó bá dọjọ́ tó o rí tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá a ń gbé kámẹ́rà lé, lò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Mo gbé Pentax 67 lé tripod lórí afárá Millennium Bridge lálẹ́, mo ya ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's ní 1/8, síbẹ̀ ó dà bíi pé wọ́n ya fótò méjì léra wọn. Kí ni mo wá gbé tripod lọ ṣe? — Ìyá Ìbejì, London

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ̀rín pa mí, ẹ má bínú. Ẹjọ́ tripod kọ́. Dígí inú kámẹ́rà yín, èyí tó ń fi àwòrán hàn yín kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Fíìmù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 7, dígí tó máa bá a mu ò lè kéré, tó bá ta sókè á gbá òkè àpótí, gbogbo ẹ̀ á gbọ̀n rìrì, ẹ̀yin náà ṣáà ń gbọ́ ariwo ẹ̀. Láàárín 1/4 sí 1/30 ló ti ń ṣọṣẹ́ jù. Tó bá jẹ́ 1/500, àyè ò sí fún un láti hàn, tó bá sì jẹ́ sẹ́kọ́ńdì bíi mélòó kan, ìgbọ̀nrìrì náà á ti dákẹ́ tipẹ́, àkókò tó kù láá ya fótò. Ìyẹn ni pé lálẹ́, ẹ tún jẹ́ kó pẹ́ sí i ni! Tí f/4 bá fún yín ní 1/8, f/16 á gbé yín dé sẹ́kọ́ńdì 2, fíìmù míì á sì tún fẹ́ díẹ̀ lé e.

Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára ẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi kọ́kọ́ gbé dígí sókè, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi wáyà tẹ ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀). Ẹ má fi sókè pẹ́ torí bátìrì ló ń jẹ. Àwọn Pentax 6x7 tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1969 ò ní bọ́tìnnì yẹn, tó bá jẹ́ irú ẹ̀ lẹ ní, ẹ fi páálí dúdú bo iwájú lẹ́ǹsì láì fara kàn án, ẹ ṣí ṣọ́tà lórí B (níbẹ̀, ó máa ń ṣí sílẹ̀ títí ẹ ó fi jù ú sílẹ̀), ẹ jẹ́ kó dákẹ́, ẹ gbé páálí kúrò, ẹ ka sẹ́kọ́ńdì yín, ẹ dá a padà. Ẹ má fa ọ̀pá àárín tripod sókè, ẹ sì ká okùn kámẹ́rà mọ́ra kí atẹ́gùn má máa fì í.

Ẹjọ́ kejì, afárá! Afárá yẹn ni wọ́n ṣí lọ́dún 2000 tí wọ́n tún tì lẹ́yìn ọjọ́ méjì torí ó ń mì lẹ́sẹ̀ àwọn èèyàn. Wọ́n ti tún un ṣe, àmọ́ kò sí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí kì í mì rárá, tẹ́ ẹ bá lọ ń ya sẹ́kọ́ńdì 2 níbẹ̀ tí èrò ń kọjá, asán ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò.

ÌBÉÈRÈ: Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń ya ìgbéyàwó ò gba tripod, pásítọ̀ ò sì fẹ́ fíláàṣì. Kí ni ṣíṣe? — Fọtọ́gíráfà, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ ra bolt 1/4 íǹṣì tó lè wọ ihò tripod tó wà nídìí kámẹ́rà yín, ẹ so okùn tó le mọ́ ọn. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ òpin okùn mọ́lẹ̀, ẹ wá gbé kámẹ́rà sójú kẹ́ ẹ máa fà á sókè kí okùn le gan-an. Kò ní lè lọ sókè mọ́, ẹ fara ti òpó kó má báa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ fi 1/15 ya ibi tí wọ́n ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́, torí wọ́n dúró sójú kan. Okùn ò lè dá ìyàwó tó ń jó dúró o, ìyẹn ń fẹ́ fíìmù tó yára. Bolt yẹn kó má gùn jù, tó bá ti kan òpin ihò, ẹ má fipá yí i, ó lè lu ìdí kámẹ́rà.