Ẹ má kọ "ó ṣọ̀wọ́n" sí kọ́bọ̀ oníhò yẹn

Ẹ ní bàbá yín àgbà fi kọ́bọ̀ oníhò ọdún 1936 sílẹ̀, pé orúkọ Ọba Edward Kẹjọ wà lára rẹ̀, ẹ sì fẹ́ gbé e lọ sí gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí ẹ kọ ọ́ pé ó ṣọ̀wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ohun tó ń tan èèyàn ni pé ọba yẹn ò lo ọdún kan lórí oyè: oṣù kìíní ọdún 1936 ló jẹ, oṣù kejìlá ló fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oníhò tiwa níhìn-ín ò ní orí ọba, orúkọ lásán ni wọ́n ní láti pààrọ̀, wọ́n sì rọ ọ́ lọ súà. Ẹ tú àpótí àwọn ìyá àgbà ní Àjárà, l'Àgbádárìgì, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Èmi náà ní irú rẹ̀ rí. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ògbógi owó àtijọ́ ló gba owó lọ́wọ́ mi l'Ékòó. Ó fi awò wò ó fìrí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ṣọ̀wọ́n bí ojú!" Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sórí ìkànnì gbàǹjo. Ará Jámánì kan rà á lówó gọbọi. Nígbà tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó ya àwòrán irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ọ̀wọ́ọ̀wọ́ lórí ìkànnì kan náà, owó pọ́ọ́kú. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un, wọ́n ti àkáǹtì mi pa, èmi náà ni mo tún san owó tí wọ́n fi dá ẹrù padà. Ó dé Nàìjíríà tán, òṣìṣẹ́ kan gbẹ́sẹ̀ lé e, ó ní kí n mú ìwé wá. Mo mú ìwé wá, ó ní ìwé yẹn kọ́. Ìwé wo wá ni? Kò sọ. Ẹ sì mọ bí ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ṣe ń jẹ ojúmọ́ èèyàn. Ìgbà tí mo máa rí i gbà, gọ́ọ̀mù sẹ́lótéèpù ti gbẹ mọ́ orúkọ ọba pátápátá. Ògbógi náà? Kò gbé fóònù mi mọ́.

Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ kọ: ọdún, bó ṣe gbó tó, àti lẹ́tà H tàbí KN tó bá wà lára rẹ̀, ìyẹn àmì ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́. Ẹ ya iwájú, ẹ ya ẹ̀yìn. Iye tí irú rẹ̀ ti tà ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí wọ́n ń pè é. Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n.

Mànílà, ẹ̀gbà ọwọ́ onírin tí wọ́n ń ná bí owó láyé àtijọ́, ńkọ́? Àwọn kan ń kọ ọ́ pé "ti òwò ẹrú, kò sí irú rẹ̀ mọ́." Irọ́ ni pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Ìjọba amúnisìn nìkan gba èyí tó lé ní mílíọ̀nù 32 nílẹ̀ ní 1948 sí 1949, ọ̀pọ̀ sì ṣẹ́kù. Ẹlòmíràn tiẹ̀ ń rọ tuntun. Tó bá wá jẹ́ ère àtijọ́ ilé yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sókè òkun láìgba ìwé àṣẹ àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ kọ́bọ̀ náà o. Bí ẹ bá sì ti fọ̀ ọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń kó owó àtijọ́ jọ máa mọ̀ ní kété tó bá tú u.