Kí nìdí tí òbúkọ fi jẹ́ méjì ní Ọjọ́ Ètùtù?

Arábìnrin kan ka Léfítíkù orí 16, ó sì béèrè pé: bí ẹ̀jẹ̀ òbúkọ kan bá tó ṣe ètùtù fún gbogbo Ísírẹ́lì, kí ni wọ́n tún ń wá òbúkọ kejì fún? Ta sì ni Asaseli tí wọ́n ní kí wọ́n rán an lọ bá? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń bọ ẹ̀mí kan nínú aginjù?

Rárá o. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fa ìbéèrè yẹn. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ pé wọ́n fa ẹran jáde nílùú láti kó ibi lọ, kò ní ṣàì ronú kan ẹbọ tí wọ́n ń gbé lọ sí oríta.

Ọjọ́ 10 oṣù keje nínú ìṣirò oṣù àwọn Júù ni Ọjọ́ Ètùtù. Ọjọ́ yẹn nìkan lọ́dún ni olórí àlùfáà lè kọjá aṣọ ìkélé wọ ibi mímọ́ jù lọ, yàrá inú lọ́hùn-ún nínú àgọ́ ìjọsìn Ísírẹ́lì. Kì í wọ aṣọ oyè oníwúrà wọ ibẹ̀, aṣọ ọ̀gbọ̀ lásán ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ àti ti ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi akọ màlúù ṣe ètùtù fún. Yóò bu tùràrí sórí ẹyin iná kí èéfín lè bo ìtẹ́ àánú, ìyẹn ìdérí àpótí májẹ̀mú, kó má baà kú. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹ̀jẹ̀ òbúkọ kìíní wọlé, tí yóò fi ìka wọ́n ọn sórí ìtẹ́ àánú àti síwájú rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹsẹ 17: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sí nínú àgọ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Iṣẹ́ tó tóbi jù lọ lọ́jọ́ náà, ará ìlú kankan kò fojú rí i. Ibẹ̀ ni mo rò pé òbúkọ kejì ti wúlò. Ìta gbangba ni Árónì, olórí àlùfáà, ti ń gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e lórí, tó ń jẹ́wọ́ gbogbo àìṣedéédéé àwọn ènìyàn náà sórí rẹ̀, tí ẹni tí a yàn á sì fà á lọ. Tọmọdé tàgbà lè wò ó bó ṣe ń ru ẹ̀ṣẹ̀ wọn lọ sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé.

Ní ti Asaseli, ẹnu àwọn olùkọ́ kò kò. Àwọn kan ní ibi gegele kan nínú aginjù ni, àwọn mìíràn ní ẹ̀mí burúkú ni. Èyí ó wù kó jẹ́, wọn kò pa ẹran náà fún un, kò sí pẹpẹ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà á. Iwájú OLÚWA ni wọ́n mú òbúkọ méjèèjì wá, ìbò ló pín wọn. Orí 17 tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ 7, sì ka ẹbọ sí ẹ̀mí àìmọ́ léèwọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Kristẹni gbà pé Jésù nìkan ló ṣe iṣẹ́ òbúkọ méjèèjì. Hébérù 9 ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló mú wọ ibi mímọ́. Jòhánù Onítẹ̀bọmi sì pè é ní Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run tó kó ẹ̀ṣẹ̀ ayé lọ, bí òbúkọ kejì ṣe ń kó o lọ. Lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ti Bánábà pàápàá fi òwú pupa tí àwọn Júù ń dì mọ́ òbúkọ yẹn lórí wé aṣọ pupa Jésù. Àwọn ará wa nínú ìjọ Adventist ka òbúkọ Asaseli sí Sátánì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ẹsẹ 5 ka méjèèjì sí ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀, ẹsẹ 10 sì fi ti ààyè ṣe ètùtù. N kò rí bí Sátánì ṣe lè ní ìpín nínú ètùtù mi.

Nítorí náà, arábìnrin, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ti jẹ́wọ́ lọ́dún tó kọjá kò tún béèrè ààwẹ̀ tuntun lọ́dún yìí. Hébérù 10 ní ńṣe ni ẹbọ ọdọọdún ń rán wọn létí ẹ̀ṣẹ̀, àlùfáà sì ń dúró lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nínú gbogbo ohun èlò tí Ẹ́kísódù kà fún àgọ́ náà, kò sí àga fún àlùfáà. Kristi rúbọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún Ọlọ́run.