Táàgì NFL: ṣé ẹni tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀ ṣì ṣeé tà?

Àbúrò tó ń béèrè bóyá tíìmù NFL (líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé) tó ti fi táàgì, ìyẹn ìwé ọdún kan tí wọ́n fi ń dá ẹni tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ fẹ́ parí dúró, mú agbábọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ṣì lè fi í ṣe pàṣípààrọ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sáìnì ìwé yẹn. Tí kò bá tíì sáìnì kò sí kọ́ńtíráàtì nílẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ gbé fún ẹlòmíì? Àwọn ọ̀mọ̀ràn orí tẹlifíṣàn kì í sọ ìyẹn, mílíọ̀nù ni wọ́n mọ̀ ọ́n pariwo.

Ti owó, ẹ ti mọ̀ ọ́n: wọ́n á wo iye táwọn márùn-ún tó ń gbowó jù ní ipò ẹ̀ ń gbà, tàbí kí wọ́n fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tó gbà lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù, ọdún kan péré.

Mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbá bọ́ọ̀lù yìí, kì í ṣe ìràwọ̀, táàgì àwọn ọlọ́lá ò kàn án, ti mẹ̀kúnnù ni wọ́n fún un. Ẹni tí kò tíì lo sáà mẹ́ta tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ bá parí, tíìmù á kàn gbé ìwé ọdún kan fún un, owó tó kéré jù ní líìgì, tíìmù míì ò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Éjẹ́ńtì ní ká fọkàn balẹ̀, pé ìwé yẹn fi hàn pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Ó sáìnì, ìyá ẹ̀ ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi gbogbo ìgbà ooru sáré nínú oòrùn, àfi bó ṣe di ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì tí ọmọkùnrin kan láti ọ́fíìsì kan ilẹ̀kùn ẹ̀ láàárọ̀, ó ní kóòṣì ń pè é, kó mú tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dání. Inú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ni gbogbo eré tíìmù wà, tí wọ́n bá ti ní kó o mú un wá, ó ti parí nìyẹn. Ní Máàṣì táwọn tíìmù míì ṣì ní àyè, wọ́n dè é mọ́lẹ̀, ìgbà tí àyè kún tán ni wọ́n wá tú u sílẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ tó dájú nínú owó ọdún yẹn. Éjẹ́ńtì wa ńkọ́? Fóònù ń dún, kò gbé e.

Ti àwọn ìràwọ̀ sàn díẹ̀, tí wọ́n bá ti sáìnì owó ti dájú, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sáìnì tíìmù lè gba táàgì padà. Tíìmù Carolina ṣe bẹ́ẹ̀ fún Josh Norman lọ́dún 2016, orí ẹ̀ ló bá a ṣe é tí Washington fi fún un ní mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ọdún márùn-ún. Brian Orakpo, tí ìdílé ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, gba táàgì ní Washington lọ́dún 2014, sáà yẹn gan-an ni iṣan àyà ẹ̀ já. Ẹni tó bá ń pe Le'Veon Bell ní olójúkòkòrò torí pé ó kọ̀ láti sáìnì táàgì, tí kò gbá bọ́ọ̀lù rárá ní 2018, tó jẹ́ kí mílíọ̀nù 14 lé dọ́là lọ, kó kọ́kọ́ ro ìyẹn ná.

Ẹ̀n-ẹ́n, pàṣípààrọ̀ là ń sọ. July 15 ni kó o máa wò, torí tó bá ti kọjá láìsí àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀, ẹni tó rà á gan-an ò lè fún un ju ọdún kan yẹn lọ títí sáà á fi parí, ọjà sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Máàṣì 2022 ni Green Bay fi táàgì mú Davante Adams, láàárín oṣù yẹn náà ni wọ́n gbé e fún Raiders, wọ́n gba píìkì draft (ẹ̀tọ́ láti yan ọmọ tuntun tó ń wọ líìgì) ráńdù kìíní àti ìkejì. Houston ní tiẹ̀ fa ti Jadeveon Clowney títí sáà 2019 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀, píìkì ráńdù kẹta àtàwọn agbábọ́ọ̀lù méjì ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ Seattle.

Tún yẹ irú táàgì tó jẹ́ wò. Èyí tó wọ́pọ̀, tíìmù míì lè gbé owó wá, tí àwọn tó ni í ò bá san iye yẹn láàárín ọjọ́ márùn-ún, wọ́n á gba píìkì ráńdù kìíní méjì. Irú ẹ̀ ni Lamar Jackson gbà lọ́dún 2023, kò sì sẹ́ni tó yọjú.