Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Eré Sísá Ló Ń Ṣe Baltimore Ravens Ní Jàǹbá?

Láti ìgbà tí a ti fọwọ́ ba ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lójú ìwé yìí ni lẹ́tà kò ti dáwọ́ dúró mọ́. Ìjà kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń jà: ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fi gbígbé bọ́ọ̀lù sáré ṣe òpómúléró eré rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń jù ú lókè? A mú díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpínlẹ̀ Maryland ni mo ń gbé, Baltimore Ravens sì ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣàtìlẹ́yìn fún. A jọ máa ń wòran ni, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò kò. Apá kan nínú wa gbà pé eré sísá ló ń gba ife lọ́wọ́ wa: ní sáà 2019 a sáré 3,296 yáàdì, èyí tí ẹgbẹ́ kankan kò sá tó rí ní sáà kan, a borí ní ìgbà 14 nínú 16, síbẹ̀ Tennessee Titans wá bá wa nílé, wọ́n sì fi 28 sí 12 nà wá. Apá kejì ní ìgbà tí a kò sáré mọ́ gan-an ni a máa ń pàdánù, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa pẹ̀lú Kansas City Chiefs ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n sì fi ń ṣe ẹ̀rí. Ta ló jàre nínú wa?

Ìdáhùn: Apá kejì ló jàre, ṣùgbọ́n mi ò rò pé wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi jàre.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí òfin tó bí àríyànjiyàn yìí. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi sún síwájú ní yáàdì 10. Bí ó bá ṣe é, yóò tún gba mẹ́rin mìíràn, bí kò bá sì ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Ẹni mọ́kànlá ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Nínú mọ́kànlá tirẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn olùgbèjà gbọ́dọ̀ pinnu iye tí yóò dúró sí tòsí bọ́ọ̀lù láti dá asáré dúró, àti iye tí yóò wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún láti ṣọ́ àwọn tí wọ́n lè ju bọ́ọ̀lù sí. Ẹni tó bá mú wá síwájú, ó ti dín in kù lẹ́yìn nìyẹn. Ìṣirò yẹn gan-an ni eré sísá wà láti dà rú. Ẹni tó bá ń ka yáàdì tí asáré rí nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń kà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ tún wo ọ̀kan nínú àwọn eré tí Lamar Jackson, quarterback Ravens (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, tó sì ń jù ú), máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má wo bọ́ọ̀lù rárá. Ọkùnrin tó dúró ní ìpẹ̀kun ìlà àwọn olùgbèjà ni kí ẹ wò. Lamar gba bọ́ọ̀lù, ó tì í mọ́ ikùn running back (asáré tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé bọ́ọ̀lù sá) tó ń kọjá níwájú rẹ̀, kò sì tíì tú ọwọ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kò sí lára bọ́ọ̀lù náà, ara ọkùnrin ìpẹ̀kun yẹn ló wà. Àwọn tó ń la ọ̀nà níwájú ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkùnrin náà sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí ó bá sáré wọlé láti mú running back, Lamar yóò fa bọ́ọ̀lù yọ, yóò sì gba ibi tí ọkùnrin náà ti kúrò kọjá. Bí ó bá dúró láti ṣọ́ Lamar, running back ti gbé bọ́ọ̀lù lọ. Èyíkéyìí tó bá ṣe, àṣìṣe ni. Ọ̀nà yìí wà lára ohun tí Lamar fi sáré 1,206 yáàdì ní sáà 2019, iye tí quarterback kankan kò sá tó rí ní sáà kan ṣáájú rẹ̀, tí gbogbo àwọn tó dìbò sì fi yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù láìku ẹnì kan.

Ó dáa, kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Titans, ní oṣù kìíní ọdún 2020? Ohun tí apá kìíní nínú yín kò ní fẹ́ gbọ́ ni pé ẹgbẹ́ tó sáré ló borí lọ́jọ́ náà. Derrick Henry, tó ṣì wà lọ́dọ̀ Titans nígbà yẹn, gbé bọ́ọ̀lù ní ìgbà 30, ó sì rí 195 yáàdì. Yáàdì 88 péré ni quarterback wọn, Ryan Tannehill, rí nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tó jù. Ravens ẹ̀wẹ̀, tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ jẹun láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, rí i pé àwọn ti wà lẹ́yìn, ni Lamar bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú, ó ń jù ú ṣáá, títí ó fi pé ìgbà 59. Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a dúró níbi ìgbìyànjú kẹrin tó ku yáàdì 1, mi ò sì lè fi ìyẹn pamọ́ fún apá kejì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ju bọ́ọ̀lù ní ìgbà 59 kì í ṣe ẹgbẹ́ tí eré sísá pa.

Ti Kansas City burú ju ìyẹn lọ. Kò sí ẹgbẹ́ tó sáré tó Ravens ní sáà 2023. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ fún ìsinmi ìdajì eré, Chiefs ń fi 17 sí 7 ṣíwájú, láti ìgbà náà títí eré fi parí, Chiefs kò sì rí àmì kan ṣoṣo kún un. Ẹgbẹ́ tí àmì 10 péré wà láàárín òun àti alátakò, tí ìdajì eré ṣì kù fún un, kò tíì sí nínú wàhálà. Síbẹ̀, nínú gbogbo eré ọjọ́ náà, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé àwọn running back wọn lọ́wọ́. Ìgbà mẹ́fà! Mo tún un kà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé mo ṣì í kà ni. Lamar jù ú ní ìgbà 37. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Zay Flowers tiwọn nígbà tó ku díẹ̀ kó kọjá ìlà ìpẹ̀kun tí wọ́n ti ń gba àmì, Chiefs tún gba èyí tí Lamar jù sí ẹ̀yìn ìlà lọ́hùn-ún, eré sì parí sí 17 sí 10. Nígbà tí alátakò ti rí i pé ẹ kò ní sáré mọ́, kí ló tún ń wá níwájú? Gbogbo wọn padà sẹ́yìn, wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀lù.

Níbi tí apá kìíní ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni ti aago. Bí wọ́n bá gbé asáré ṣubú láàárín pápá, aago kì í dúró, nígbà tí aago máa ń dúró bí bọ́ọ̀lù tí a jù bá bọ́ sílẹ̀. Aago tó ń ṣe ẹgbẹ́ tó ń sáré lóore nígbà tó wà níwájú yóò di ọ̀tá rẹ̀ bí ó bá ti bọ́ sẹ́yìn. Titans tó nà yín yẹn, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Chiefs fi 35 sí 24 nà wọ́n. San Francisco 49ers náà wà níbẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 2020 kan náà, wọ́n fi 37 sí 20 borí Green Bay Packers lọ́jọ́ tí Jimmy Garoppolo ju bọ́ọ̀lù ní ìgbà 8 péré, tí Raheem Mostert sì sáré 220 yáàdì, tó tún jẹ touchdown mẹ́rin, ìyẹn ni pé ó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìpẹ̀kun ní ìgbà mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dé Super Bowl, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá sáà, wọ́n ń fi 20 sí 10 ṣíwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méje sí òpin, Chiefs sì kó àmì 21 léra wọn. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ sáré gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú ilé, kó lè lò ó lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé.

Ní sáà 2024, Ravens ní ohun méjèèjì. Henry ti wá sọ́dọ̀ wọn, ó sáré 1,921 yáàdì. Lamar fi jíju bọ́ọ̀lù rí 4,172 yáàdì àti touchdown 41. Buffalo Bills ṣì fi 27 sí 25 lé wọn jáde, nígbà tí bọ́ọ̀lù tí ì bá fún wọn ní àmì 2 tó kù já bọ́ lọ́wọ́ Mark Andrews. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka ìyẹn kún ẹ̀ṣẹ̀ eré sísá.

Ìbéèrè: Mo rí i kà pé jíju bọ́ọ̀lù ń mú yáàdì wá ju sísáré lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe àṣà àtijọ́ ni àwọn tó ń sáré ṣì dì mú?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ohun tí ẹ kà. Ní ìpíndọ́gba, jíjù kan ń mú nǹkan bí yáàdì 7 wá, sísáré kan kò sì ju díẹ̀ lé ní 4 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Miami Dolphins, tí wọ́n borí nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 tí wọ́n gbá ní sáà 1972, tún padà wá gba Super Bowl sáà tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú 24 sí 7, ìgbà 7 péré sì ni quarterback wọn, Bob Griese, ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Ọdún 1978 ni wọ́n yí òfin padà: olùgbèjà kò gbọdọ̀ fọwọ́ ti ẹni tí wọ́n fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí mọ́ bí ó bá ti kọjá yáàdì 5, àwọn tó ń dáàbò bo quarterback sì gba àyè láti na apá wọn. Láti ìgbà náà ni jíjù ti rọrùn sí i lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba máa ń bo àṣírí. Jíjù tó mú yáàdì 20 wá àti èyí tó bọ́ sílẹ̀ lófo ni wọ́n jọ pò pọ̀, alátakò sì tún lè gba òmíràn mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó ku yáàdì 1 fún kò wá 7. Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa wò: nígbà tí gbogbo ayé ń jù ú, àwọn olùgbèjà tí ẹsẹ̀ wọn yá, tí ara wọn fúyẹ́, ni àwọn ẹgbẹ́ ń wá kiri. Ẹni tí wọ́n yàn nítorí kó lè lé bọ́ọ̀lù ojú òfuurufú ni yóò wá dá dúró níwájú Derrick Henry, tó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 112, tó sì ti sáré yáàdì mẹ́wàá kó tó kàn án. Ẹ wo bí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń mú un ní ìdámẹ́rin ìkẹyìn eré. Ejìká ni wọ́n ń fi kàn án ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń nà sí i.

Ìbéèrè: Ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ ná owó ńlá lé running back, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ń la ọ̀nà fún un ló ń ṣe iṣẹ́?

Ìdáhùn: Kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé àwọn tó ń la ọ̀nà. Saquon Barkley sáré 962 yáàdì fún New York Giants ní sáà 2023. Ó kó lọ sọ́dọ̀ Philadelphia Eagles, níbi tí Lane Johnson àti Jordan Mailata ti ń la ọ̀nà, ó sì sáré 2,005 ní sáà 2024. Ọkùnrin kan náà ni. Jay Ajayi náà, tí Yorùbá kankan kò ní béèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, ìpele karùn-ún níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ni Miami ti yàn án ní ọdún 2015, ibi tí owó kò sí, ó sì sáré kọjá yáàdì 200 ní ìgbà mẹ́ta ní sáà kejì rẹ̀.

Síbẹ̀, asáré tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù níye lórí, kódà lọ́jọ́ tí kò rí ọ̀nà. Nínú Super Bowl oṣù kejì ọdún 2025, Chiefs kó èèyàn jọ síwájú Barkley, ìgbà 25 ló gbé bọ́ọ̀lù, yáàdì 57 ló rí. Ẹni tó ń ka yáàdì yóò ní kò ṣe nǹkan kan. Jalen Hurts ló rí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn, ó ju 17 nínú 22 bá ẹni tó jù ú sí, Eagles sì borí pẹ̀lú 40 sí 22.

Ìbéèrè: Ẹ dákun, ẹ bá wa parí ti Seattle. Ṣé ó yẹ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù yẹn?

Ìdáhùn: Fún ẹni tí kò bá rántí: Super Bowl oṣù kejì ọdún 2015 ni, New England Patriots ń fi 28 sí 24 ṣíwájú, Seattle Seahawks sì wà ní yáàdì 1 sí ìlà ìpẹ̀kun pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 26 tó kù. Marshawn Lynch wà nínú pápá. Russell Wilson jù ú, Malcolm Butler gbà á, eré parí.

Bí mo bá tẹ̀ lé ìlànà tí mo ti ń sọ bọ̀ láti òkè, mo gbọ́dọ̀ gbà pé ìpinnu náà kò burú. Patriots ti kó àwọn tó tóbi wá síwájú, ìgbìyànjú kejì ni, Seattle sì ní ààyè ẹyọ kan péré láti fi dá aago dúró. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sílẹ̀, aago yóò dúró fúnra rẹ̀, Lynch yóò sì tún ní ẹ̀ẹ̀mejì láti gbìyànjú. Orí mi gbà bẹ́ẹ̀, ọkàn mi kò tíì gbà. Nígbàkígbà tí mo bá tún un wò, eré tó ṣáájú rẹ̀ ni mo máa ń dá padà sí: láti yáàdì 5 ni Lynch ti gbé bọ́ọ̀lù náà, èèyàn rọ̀ mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, ó ń wọ́ wọn lọ, àfìgbà tí Dont'a Hightower na ejìká kan sí i ló tó ṣubú ní yáàdì 1.