Máìkì wo ni kí n rà fún yàrá tó wà létí títì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Gáà Àkànbí ní Ìlọrin ni mò ń gbé. Orin dàdàkúàdà ni mò ń kọ, ó sì ti sú mi láti máa sanwó stúdíò, mo fẹ́ máa gba ohùn mi sílẹ̀ nínú yàrá. Àmọ́ etí títì ni ilé wa wà, ẹ̀yìn fèrèsé mi gan-an sì ni aládùúgbò ń tan jẹnẹrétọ̀ sí. Ẹnì kan ní máìkì condenser ni kí n rà. Ẹlòmíràn ní bí mi ò bá ra preamp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì sókè) lọ́tọ̀, orin mi ò ní dún dáadáa. Owó mi ò ká méjèèjì. Èwo ni kó ṣáájú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jẹ́ kí owó yẹn ṣì wà lápò ná. Lálẹ́ òní, gbé fóònù síbi tí o fẹ́ máa dúró sí kọrin, tan rẹ́kọ́dà inú rẹ̀, kí o sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Fi íápíìsì gbọ́ ohun tó gbà. Fáànù, ọ̀kadà, ìpè irun láti mọ́ṣáláṣí bíi mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún: gbogbo ohun tí o bá gbọ́ níbẹ̀ ni yóò di elégbè rẹ. Yàrá ló ń yan máìkì, máìkì ló sì ń yan preamp. Ẹ̀yìn ni àwọn tó gbà ọ́ nímọ̀ràn ń gbà wọlé.

Awọ inú condenser fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń fẹ́ iná 48 volt tí interface, ẹ̀rọ kékeré tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ń fi ránṣẹ́ sí i gba inú wáyà. Nítorí pé awọ yẹn fúyẹ́, kò sí ohun tí kì í gbọ́: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, èémí, itọ́ tí o gbé mì. Ti dynamic, irú máìkì kejì, ní wáyà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ká mọ́ awọ rẹ̀, tó ń mì láàárín mágnẹ́ẹ̀tì. Ẹrù yẹn mú kó lọ́ra díẹ̀, kò sì nílò iná kankan. Dynamic ni kí o rà.

Wọ́n máa ń sọ pé dynamic kì í gbọ́ ariwo òkèèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Agbára rẹ̀ ni pé o lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kàn án kó má sì dàrú. Nígbàkígbà tí o bá dín àlàfo ẹnu rẹ sí máìkì kù sí ìdajì, ohùn rẹ á fi bíi dB 6 lọ sókè (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó). Jẹnẹrétọ̀ tó wà níta ò kúrò lójú kan. Bí o bá sún láti sẹ̀ǹtímítà 40 wá sí 10, o ti jèrè dB 12 láìná kọ́bọ̀. Òótọ́ ni pé ohùn á ki jù nísàlẹ̀, bí máìkì cardioid, èyí tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, ṣe ń ṣe nìyẹn téèyàn bá sún mọ́ ọn. Gé e díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yìn cardioid yìí kan náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn, nítorí náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o kọ sí fèrèsé jẹnẹrétọ̀. Ìwọ á wá kọjú sí fèrèsé, ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ ni máìkì á sì máa wò. Ibẹ̀ ni kí o fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn kọ́ sí, kó jìnnà sí ògiri díẹ̀. Ìlọrin la wà, òfì ò wọ́n nílé; ṣẹ́ ẹ po mẹ́ta mẹ́rin, á ṣiṣẹ́ (má sọ fún ìyá rẹ pé èmi ni mo rán ọ). Fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, gbohùngbohùn inú yàrá ló ń dín kù, kò lè dá ariwo títì dúró.

Preamp ńkọ́? Iná tó ń jáde látinú máìkì kéré jọjọ. Fún ohùn tó tó dB 94, SM58, máìkì dynamic tí Shure gbé jáde lọ́dún 1966, ń mú nǹkan bíi millivolt 2 wá. AT2020, tó jẹ́ condenser, ń mú bíi 14 wá. Preamp ló ń gbé ìyẹn sókè, ó sì ti wà nínú interface tí o máa fi so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà. Iye gain rẹ̀, ìyẹn bó ṣe lè gbé ohùn sókè tó, ni kí o wò. SM7B, dynamic Shure mìíràn, ló máa ń fojú èèyàn rí màbo, torí ó ń fẹ́ tó dB 60. Interface tí wọ́n ń pè ní Scarlett 2i2, ìran kẹta rẹ̀ ò kọjá dB 56, ìran kẹrin dé 69. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ò ń kọ dàdàkúàdà, tí ohùn rẹ ń dé ojúde láìsí ẹ̀rọ, SM58 pẹ̀lú 56 yẹn á tó ọ, á tún ṣẹ́ kù. Mo ra preamp lọ́tọ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ariwo fìríìjì ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbé sókè. Preamp ò mọ orin yàtọ̀ sí fìríìjì.

Bí o bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, yọ ṣájà kúrò lára láptọ́ọ̀pù, ó máa ń kùn. Tún gain ṣe títí ibi tí o ti ń ké jù á fi wà ní bíi dB −12 lórí mítà kọ̀ǹpútà, kí o sì yan 24-bit níbẹ̀.

Ayédèrú SM58 pọ̀ lọ́jà. Giramu 298 ni ojúlówó wọ̀n, kò sì ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án tàbí pa á, àfi èyí tí wọ́n ń pè ní SM58S. Mú ìwọ̀n kékeré dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ọlọ́jà bá bínú, wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn.