Ọ̀rọ̀ Ìkòròdú tí ẹ ní ó ti parí

Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Onílé-Ọ̀la kọ̀wé sí mi láti Kent. Ó ti ta ilé ìtọ́jú arúgbó méjì tó ní, ó sì fẹ́ fi 1,200,000 yúrò ra ilé kan ní Benahavís, lórí òkè tó wà lẹ́yìn Marbella ní Sípéènì, nínú ẹ́sítéètì olówó tí géètì méjì wà níwájú rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé náà bíi cortijo, ìyẹn ilé oko àwọn ará Andalucía. Ọkọ rẹ̀ ní òun ò lọ gbé abà lọ́jọ́ alẹ́ òun. Ohun tó bi mí ni ọ̀nà tó lè gbà yí ọkọ rẹ̀ lọ́kàn padà, àti bóyá àwọn aládùúgbò á jẹ́ kó kó onígángan wá síbẹ̀ tó bá ń ṣe ọjọ́ ìbí 60 ọdún rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú ewé mẹ́rin ni. Odindi ojú ewé kan àtààbọ̀ ló lọ sórí táìlì amọ̀ tó wà lórí òrùlé, ògiri tí wọ́n kùn lẹ́fun, kànga tí kò lómi nínú, àti igi ólífì 22. Ẹ tilẹ̀ yàwòrán ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹta, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Orúkọ àbúrò mi ọkùnrin la máa kọ́kọ́ fi sórí ìwé, torí òun ti di ọmọ Sípéènì. Ọkọ mi ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ látìgbà ọ̀rọ̀ ilé Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ìyẹn ti parí.” Bẹ́ẹ ṣe padà sórí táìlì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ilé Ìkòròdú wo?

Ẹ má ṣe mí báyẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka lẹ́tà àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun. Ilé tó bá parí lóòótọ́, olúwa rẹ̀ á ní ó ti kan páànù, ayálégbé ti wà níbẹ̀, owó ń wọlé. Tiyín ò ní ju “ìyẹn” lọ. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́, tí mo bá ṣì í sọ, kẹ́ ẹ bú mi. Ẹ fowó ránṣẹ́ títí. Fọ́tò búlọ́ọ̀kù ń wọlé sórí fóònù yín. Ẹ wálé lọ́dún Kérésì kan, ẹ bá igbó, tàbí kẹ́ ẹ bá ilé tí orúkọ ẹlòmíì wà lára ògiri rẹ̀. Ẹ sunkún. Mọ̀lẹ́bí pèpàdé, àgbàlagbà kan ní ọmọ ìyá kì í bára wọn dé kóòtù. Ẹ dárí jì í. Owó ò padà.

Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń gbójú fò ó. Ó wà lójú ewé kejì: ẹ̀yin lẹ san owó ilé ìwé rẹ̀ lẹ́yìn tí màmá yín kú. Ẹni tó tọ́ ọmọ dàgbà kì í fẹ́ gbọ́ pé ohun tóun tọ́ nìyí. Ẹ fẹ́ fi ilé Sípéènì yìí han ọkọ yín pé ti Ìkòròdú ṣèèṣì ni. Àánú yín ṣe mí nígbà tí mo rí i, inú sì bí mi lẹ́sẹ̀ kan náà, torí ẹ ti fi ogún ọdún ṣe àwọn arúgbó onílùú nímọ̀tótó kẹ́ ẹ tó rówó yìí.

Ó jọ pé ẹ rò pé kéèyàn báni fi orúkọ sórí ìwé ilé dà bíi kó báni gbọ́mọ dání díẹ̀. Ní Sípéènì, iwájú nótárì ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní escritura. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó rà á àti ọ̀nà tó gbà sanwó síbẹ̀, wọ́n á wá fi orúkọ ọ̀hún sílẹ̀ ní Registro de la Propiedad, ìyẹn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ onílé sílẹ̀. Orúkọ tó bá wà níbẹ̀ ló nilé. Bí àbúrò yín bá tà á lọ́la fẹ́ni tí ò mọ nǹkan kan nípa yín, tónítọ̀hún fi orúkọ tiẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó rà á lòfin máa gbè. Ìwé ìfowóránṣẹ́ báǹkì nìkan ló máa kù sẹ́yin lọ́wọ́.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló já mi láyà jù. Ẹ ní àbúrò yín ti gbéyàwó, pé ọmọ Málaga nìyàwó, pé ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Lágbègbè ibẹ̀, tọkọtaya tí ò bá lọ ṣe àdéhùn mìíràn níwájú nótárì, abẹ́ sociedad de gananciales ni wọ́n wà. Ohun tí ọ̀kan nínú wọn bá rà lẹ́yìn ìgbéyàwó, òfin á kọ́kọ́ kà á sí ti àwọn méjèèjì. Ìyẹn ni pé igi ólífì mọ́kànlá ti di ti obìnrin tẹ́ ẹ jọ jẹun lẹ́ẹ̀mejì péré. Bí àbúrò yín bá tiẹ̀ fẹ́ dá ilé padà tọkàntọkàn, àfi kí ìyàwó fọwọ́ sí i. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún, òfin ibẹ̀ ò mọ ẹ̀gbọ́n tó fowó sílẹ̀. Owó orí ńkọ́? Ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni Andalucía ń gbà lórí ilé àlòkù, 84,000 yúrò nìyẹn nínú owó yín. Lọ́jọ́ tó bá tún tà á padà fún yín, 84,000 mìíràn.

Ẹ ní torí pé ẹ ò ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ra ilé níbẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ lo orúkọ àbúrò yín. NIE lórúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì kọ́ńsúlù Sípéènì tó wà ní London ń bá èèyàn ṣe é, owó rẹ̀ ò ju owó oúnjẹ lọ. Ẹ ò tiẹ̀ nílò láti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ta ló sọ fún yín pé ó le?

Ẹni náà ló tún sọ pé ilé yìí máa jẹ́ kẹ́ ẹ gba ìwé ìgbélùú. Àǹfààní yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2025. Nígbà tó ṣì wà pàápàá, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ilé ni wọ́n ń fún. Pásípọ́ọ̀tù Britain tẹ́ ẹ mú dání, 90 ọjọ́ nínú 180 ló fún yín níbẹ̀.

Ọkọ yín ò bá abà jà. Òótọ́ ni pé abà ni cortijo láyé àtijọ́: oko ólífì tàbí àlìkámà yí i ká, onílẹ̀ ní apá kan, lébìrà ní apá kejì, ìbaaka ní tiẹ̀, wọ́n sì ń kùn ún lẹ́fun torí oòrùn. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà, kọnkéré ni, ìbaaka kankan ò sùn níbẹ̀ rí. Bẹ́ ẹ bá bi bàbá náà léèrè dáadáa, ẹ máa gbọ́ orúkọ tó ń bí i nínú. Ẹ ti wá ń béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa yí i lọ́kàn padà! Ẹni kan ṣoṣo tójú rẹ̀ là nínú ilé yẹn!

Ẹ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù kẹ́ ẹ san ìdá mẹ́wàá owó ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní arras. 120,000 nìyẹn, bẹ́ ẹ bá sì yẹ àdéhùn lẹ́yìn náà, ó lọ nìyẹn. Ẹ má san án. Ẹ wá lọ́yà tí àbúrò yín ò mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pe àbúrò yín lálẹ́ òní, kí ọkọ yín jókòó tì yín, kẹ́ ẹ sọ fún un pé orúkọ ẹ̀yin àti ọkọ yín ló máa wà lórí ìwé. Ẹ má ṣàlàyé. Ẹ kàn fetí sí bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá wá dáhùn, ẹ bi í pé ọwọ́ ta ni ìwé ilẹ̀ Ìkòròdú wà.

Ní ti onígángan, òfin ẹ́sítéètì ló máa sọ ọ́, ẹ ní kí lọ́yà gbà á fún yín. Kó tún gba ìwé tó fi hàn pé ẹni tó ń ta ilé ò jẹ owó ẹ́sítéètì, torí gbèsè ọdún yìí àti ti ọdún mẹ́ta tó ṣáájú, ilé ló ń tẹ̀ lé. Bí orúkọ yín bá ti wọ escritura, ẹ kọ̀wé sí mi, ká sọ ti gángan.