Igun ẹnu mi kò yéé là

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Télọ̀ ni mí ní Ìṣẹ́yìn, ọmọ ọdún 26. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ètè mi ti ń bó. Igun ẹnu mi méjèèjì sì là débi pé tí mo bá yán, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Mo ní ọyẹ́ ni, àmọ́ ọyẹ́ lọ tán, kò lọ. Wọ́n ní ibà inú ni ní ṣọ́ọ̀bù wa, mo mu àgbo títí. Mo tún ń fi báàmù tó máa ń ta pa á. Tíì àti búrẹ́dì ni mo ń jẹ láàárọ̀, gàárì lọ́sàn-án, ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ lálẹ́. Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi ń ṣe nǹkan oṣù, ó sì máa ń pọ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ ra fítámì C. Ṣé kí n rà á, mà?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ìrora. Má tíì ra nǹkan kan. Ètè tó ń bó lọ́tọ̀, igun ẹnu tó là lọ́tọ̀. Méjèèjì ló wà lẹ́nu rẹ, ohun tó fà wọ́n sì lè má jẹ́ ọ̀kan.

Jẹ́ ká mú ètè ná. Kí òwú tó wọ ojú abẹ́rẹ́, ṣé kì í ṣe ẹnu lo fi ń tọ́ ọ lá? Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́? Awọ ètè fẹ́lẹ́ púpọ̀, kò sì ní òróró ara tó ń bò ó bíi ti ibòmíràn. Bí itọ́ bá ṣe ń gbẹ lórí rẹ̀ ló ń fa ọ̀rinrin ibẹ̀ lọ. Itọ́ yìí kan náà ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í da oúnjẹ lẹ́nu. Kò yẹ kó máa jókòó sórí awọ tó ti bó. Fi omi díẹ̀ sínú ìdérí ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ, kí o máa fi rin òwú.

Báàmù yẹn ńkọ́? Jù ú sílẹ̀ lónìí. Nígbà tí mo wà nílé ìwé nọ́ọ̀sì, irú rẹ̀ ni mo lò ní ọyẹ́ ọdún kan. Ó ń tutù lẹ́nu, mo rò pé ó ń ṣiṣẹ́, àṣé ó ń jó ètè mi ni. Òrí lásán tí ìyá mi fi ránṣẹ́ ló wò ó. Fi òrí tàbí fasilíìnì tí kò ní òórùn pa á ní àárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àti kí o tó sùn.

Igun ẹnu gan-an ló jẹ mí lógún. Tí èròjà irin, fítámì B2, B12, fólétì tàbí síńkì bá dín lára, ibẹ̀ ló máa ń là sí. Fítámì C kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Nínú lẹ́tà rẹ, mi ò rí ẹyin, mi ò rí ẹ̀wà, mi ò rí ẹ̀fọ́. Gàárì á yó ọ, àmọ́ àwọn èròjà wọ̀nyí kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ méje sì ń kó irin lọ lóṣooṣù. Ṣé àyà rẹ ń já tí o bá gun àtẹ̀gùn? Ṣé yìnyín tàbí amọ̀ ń wù ọ́ jẹ? Lọ ṣe àyẹ̀wò PCV, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára. Tí PCV obìnrin tí kò lóyún bá kéré sí 36 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nìyẹn. Jẹ́ kí dókítà sọ irú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wàá lò, kó sì wádìí ìdí tí nǹkan oṣù rẹ fi ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Láàárín ìyẹn, ra ẹyin. Ra ẹ̀wà, ra ẹja. Ẹ̀dọ̀ màlúù tó wọn gíráàmù 100 ní ju ìlọ́po méjì fítámì B2 tí obìnrin nílò lóòjọ́ (aláboyún kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀dọ̀ ní àjẹjù, nítorí fítámì A inú rẹ̀). Tí o bá se tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, má ṣe bọ̀ ọ́ pẹ́ kí o wá fún omi rẹ̀ dànù. Omi yẹn ni B2 àti fólétì ń bá lọ. Ìyẹn máa ń dùn mí tí mo bá rí i ní ilé ìdáná. Mu ọsàn lé oúnjẹ, kí tíì sì jìnnà sí i ní wákàtí kan ó kéré tán, torí tíì kì í jẹ́ kí ara gba irin dáadáa.

Tí igun ẹnu náà bá pupa, tó ní nǹkan funfun lára, kòkòrò lè ti wọ̀ ọ́, irú èyí tó ń mú ahọ́n ọmọ ọwọ́ funfun. Òrí kò lè pa á. Ìpara tí dókítà bá kọ ni. Tó bá sì ń padà wá ṣáá, kí wọ́n yẹ ṣúgà ara rẹ wò. Ibà tí wọ́n ní ó yọ sí ẹnu máa ń yọ ìléròrò wínníwínní olómi lójú kan, kì í là ní igun méjèèjì bíi tìrẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá àfín: egbò ojú kan lórí ètè ìsàlẹ̀ tí kò jinná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ mi, tí èsì PCV bá jáde, kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.